Ìkarahun Ìsáwùrú Lábẹ́ Pèrègún

Bàbá mi tí mo fi ń yangàn,

Ta ló gbin àwọn pèrègún mẹ́ta tó wà létí irà? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun. Mo ti kọjú sí ògiri, mo ti kọjú sí àjà, mo ti dìde mumi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, mo tan àtùpà yín, èyí tí gíláàsì rẹ̀ ti sán létí, mo fa àga yín súnmọ́ tábìlì, mo ní kí n kúkú bi yín. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní dáhùn. Nígbà tí ẹ wà láyé pàápàá, tí mo bá béèrè ohun tí ẹ kò fẹ́ sọ, ẹ ó ní kí n lọ wò ó bóyá adìyẹ ti wọlé tán.

Inú yàrá yín ni mo wà. Lánàá, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ parí, mo kúrò ní Ajah wá sí abúlé, torí àárọ̀ yìí ni ìpàdé. Fìlà yín ṣì wà lórí ìṣó. Àwọ̀n tí ẹ ń tún ṣe kí àìsàn tó dá yín dùbúlẹ̀ ṣì wà ní kọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ onígi yín sì há sójú rẹ̀ bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà mo gbójú sókè, mo rí i pé òrùlé ń jò, mo wá ń rò ó pé kí ló dé tí ẹni tó lè ṣọ́ àwọ̀n tó báyìí kò lè pe káfíńtà. Bí mo ṣe dà nìyẹn, Bàbá mi. Ẹni tó bá ṣe mí lóore, màá kọ́kọ́ wo ohun tó fi pamọ́ sẹ́yìn.

Ẹ kò ní dá ọ̀nà ilé mọ̀ mọ́. Láti Ajah títí dé Lakowe, ibi tí a ti ń ṣa ìgbín nígbà òjò ti di géètì, mégáàdì jókòó síwájú rẹ̀. Wọ́n á gé gbogbo ọ̀pẹ tán, wọ́n á wá kọ orúkọ ọ̀pẹ sára géètì. Igbó tiwa nìkan ló ṣẹ́ kù lágbègbè yìí, láti ìdí pèrègún títí dé etí ọ̀sà. Igi ọ̀gọ̀rọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀bọ ṣì ń bọ̀ láàárọ̀, wọ́n ṣì ń ju èso mọ́ ajá. Nígbà òjò, ibẹ̀ ni gbogbo omi abúlé ń gbà wọ inú ọ̀sà. Ilé tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ kọ́ sórí ilẹ̀ tí ẹ fún mi létí títì kò tíì kúrò ní ìpìlẹ̀. Àwọn búlọ́ọ̀kù ti hu èéhù. A ṣì ń gbé ilé onílé ní Abraham Adésànyà, àwọn ọmọ mi sì ń pín yàrá tí wọn yóò sùn sí nínú ilé tí kò tíì ní ògiri.

Ẹ rántí ìwé tí ẹ tẹ ìka sí, nígbà tí ẹbí ta iwájú ilẹ̀ fún iléeṣẹ́ tó ń kọ́lé tà yẹn. Òjò ń rọ̀, omi kún irà dé orúnkún, awọnlẹ̀ wọn wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní òun kò wọ ibẹ̀. Ó ri òpó kọnkéré kan mọ́ etí títì, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ tí wọ́n rà bẹ̀rẹ̀ láti ìdí òpó náà, ó parí sí ìdí pèrègún mẹ́ta tí ẹbí fi pààlà. Èmi ni mo ka ìwé náà fún yín. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé àwọn tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ lè so ẹnu ààlà mọ́ ewéko. Ẹ kò rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kí n tún ibẹ̀ yẹn kà.

Kí ló dé tí n kò ronú sí i nígbà náà?

Ní oṣù tó kọjá, katakata wọn dé. Awọnlẹ̀ mìíràn ló tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan tí irun ti ń funfun létí rẹ̀, tó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, tó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó tún un wò. Gbogbo ẹbí ti pé sí iwájú ilé Bàbá Kékeré. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú o. Láti òpó dé pèrègún kúrú sí ìwọ̀n ilẹ̀ tí iléeṣẹ́ sanwó fún. Pèrègún yìí ti rìn."

"Ó ti rìn kẹ̀?" Bàbá Kékeré fò dìde. "Bàtà wo ló wọ̀? Ṣé ó kí yín kó tó kọjá ni?"

Ẹ̀rín sọ. Ọkùnrin náà dúró kí ẹ̀rín tán, ó ní, "Bàbá, nínú igbó níbẹ̀ yẹn ló yẹ kó wà. Lẹ́yìn ibi tí omi ń gbà."

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo ti ka oríṣiríṣi ìtàn nípa bí àwọn iléeṣẹ́ ṣe ń fi ìwọ̀n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará abúlé, mo sì rò pé ìṣojú mi ni wọ́n tún fẹ́ ti ṣe é. Mo dìde. Mo ní, "Ọ̀gá, ìṣojú mi nílẹ̀ yìí ni bàbá mi ti gbin pèrègún. Ẹ̀rọ yín ni kí ẹ gbé lọ fún ẹni tó máa tún un ṣe."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. "Ọmọ bàbá ẹ ni ẹ́!" "Tíṣà, ẹ bá a sọ ọ́!" Ọkùnrin náà wò mí, kò bínú. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ẹni tó ń purọ́ á bínú. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ lè fọwọ́ sí ohun tí ẹ sọ yẹn?"

"Níbikíbi tí ẹ bá fẹ́."

Ohun tí wọ́n fi tú ìpàdé náà ká nìyẹn. Iléeṣẹ́ kò fẹ́ ẹjọ́ kóòtù, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí òjò tó dé. Wọ́n ní bí èmi, tí mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò yìí níwèé, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi rí, bá fọwọ́ sí i lójú gbogbo ènìyàn pé ibi tí pèrègún wà lónìí ni ó ti wà láti ilẹ̀, àwọn gbà. Bí n kò bá fọwọ́ sí i, katakata á wọ inú igbó dé ibi tí ẹ̀rọ bá sọ. Òwúrọ̀ yìí ni ó yẹ kí n fọwọ́ sí i.

Ẹ mọ̀ mí. Lẹ́yìn ìgbà tí inú mi rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Mo kọ́kọ́ fura sí Bàbá Kékeré. Wọ́n yára bínú jù. Ṣé kì í ṣe àwọn ló sún ààlà kí wọ́n lè rí ilẹ̀ díẹ̀ tà fún ẹlòmíràn lẹ́yìn wa? Ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹbí níhìn-ín, tí ẹni méjì á gbé ìwé dání lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Mo tún fura sí màdámù kan tó ń gbé èsítéètì tó wà lódìkejì irà, tó ń rọ̀ wá pé ká má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan igbó. Ó máa ń dé àkẹtẹ̀ gbòòrò, ó máa ń fi awò tó ń mú ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni wo àwọn lékeléke láti òkè ilé rẹ̀. Òun ló fún mi ní ìwé kà nípa bí irà ṣe ń fa omi mu, bí ibi tí wọ́n bá ti fi yanrìn dí i ṣe máa ń rì sínú àgbàrá lẹ́yìn náà. Mo ka ìwé náà tán, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló wà níbi tí ilé tirẹ̀ wà kí wọ́n tó kọ́ ọ.

"Ẹ̀yin náà, tíṣà! Irà náà ni. Kí ni ì bá tún jẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bu ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi bóyá igbó ló ń gbèjà àbí atẹ́gùn tó ń gba fèrèsé rẹ̀ wọlé. Ó lè jẹ́ méjèèjì. N kò mọ̀ bóyá ìyẹn burú.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí mo lè fi mọ òtítọ́, èmi àti ẹ̀yin nìkan la sì mọ̀ ọ́n. Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí a gbin pèrègún ìṣáájú. Ẹ gbẹ́ ihò mẹ́ta, ẹ ní kí n gbé abọ́ ìkarahun wá. Ìsáwùrú tí Màámi ti fi se ọbẹ̀ ni, mo sì ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ tò wọ́n sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ da ẹnu wọn dé ilẹ̀, ẹ bu yanrìn funfun lé wọn, kí ẹ tó ki ọ̀pá pèrègún bọ ibẹ̀. Ẹ sọ fún mi pé ẹni tó bá fẹ́ sún ààlà á fa igi tu, á lọ rì í síbòmíràn, kò ní mọ̀ pé ẹlẹ́rìí ń bẹ nísàlẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà n kò sọ ọ́ fún ọkọ mi.

Nítorí náà ní ìrọ̀lẹ́ àná mo mú ọkọ́ àti àdá yín, mo lọ sí etí irà. Mo ní bí n kò bá bá ìkarahun nídìí rẹ̀, a jẹ́ pé Bàbá Kékeré ló sún un, mo sì ti múra ohun tí màá sọ fún wọn sílẹ̀. Mo gbẹ́ ìdí àkọ́kọ́. Ọkọ́ kan nǹkan, ó dún kàràkàrà. Ìkarahun ni. Wọ́n dojú délẹ̀, yanrìn funfun wà lórí wọn. Bàbá mi, mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ ṣeun. Mo ní ẹ̀rọ purọ́, bàbá mi kò purọ́.

Mo fẹ́ bo ilẹ̀ náà padà ni mo rí i pé àwọn ìkarahun náà wà lórí nǹkan kan. Mo fi ọwọ́ họ ọ́. Ike aláwọ̀ ewé ni. Ọmọrí abọ́ ni. Mo yí i padà, mo rí àmì ọ̀dà èékánná pupa tí mo fi sí i létí kí abọ́ mi má baà pòórá lọ́dọ̀ yín.

Ẹ rántí ọmọrí yẹn. Abọ́ tí mo fi ń gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ wá fún yín ni, nígbà tí dókítà ní kí ẹ má jẹ iyọ̀ mọ́. Mo rà á lẹ́yìn tí a ta iwájú ilẹ̀. Mo wá ọmọrí rẹ̀ títí. Mo bá yín jà lórí rẹ̀, mo ní ẹ kì í tọ́jú nǹkan, mo ní ẹ jọ̀wọ́ ẹ rántí ibi tí ẹ gbé e sí. Ẹ wò mí, ẹ ní kí n lọ wò ó bóyá adìyẹ ti wọlé.

Mo gbé e dání, mo wọ inú igbó. Mo tẹ̀ lé ọ̀nà tí ọwọ́ awọnlẹ̀ nà sí, mo kọjá ibi tí omi ń gbà, mo fi àdá la ọ̀nà. N kò fẹ́ rí nǹkan kan. Mo rí i. Kùkùté pèrègún kan tí ẹ kò fà tu tán ti yọ ewé tuntun lábẹ́ ọ̀gọ̀rọ̀, ewé tútù, gígùn bí apá mi. Ìkarahun wà nílẹ̀ yí i ká, omi ti fọ̀ wọ́n jáde. Àwọn tí mo fọ̀ ni.

Nígbà náà ni mo tó rántí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní, "Ṣé àwọn pèrègún yẹn ti mú ewé?" Mo rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni Bàbá, wọ́n ti mú ewé, ẹ sinmi. Pèrègún tó ti wà níbẹ̀ láti kékeré mi, kí ló tún fẹ́ mú ewé sí? Mo gbọ́ ọ létí, kò wọ inú mi. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ẹni tó ń fura.

Mo lọ bá Bàbá Kékeré. Wọ́n ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́. Mo gbé ọmọrí náà sí iwájú wọn. Wọ́n wò ó, wọn kò béèrè ohun tó jẹ́.

"Kí ló gbé ẹ dé ibi tí o ti lọ ń gbẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀, àbí?"

Wọ́n nu ọwọ́. "Èmi ni mo mú tọ́ọ̀ṣì dání fún wọn. Ṣé o fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi nìkan máa gbẹ́ ihò, pẹ̀lú àìsàn tó wà lára wọn?"

"Ilẹ̀ tí a ti tà ni, Bàbá Kékeré!"

"Wọ́n ti tà á, wọ́n sì ti kábàámọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí omi gbẹ ni wọ́n rí i pé wọ́n ti ta ojú ọ̀nà omi mọ́ ọn. Wọn kò sùn fún ọ̀sẹ̀ kan." Wọ́n ti ọmọrí náà padà sọ́dọ̀ mi. "Ìwé tí o kà yìí pọ̀ jù. Lọ bò ó padà. Lọ́la, fọwọ́ sí i, kí gbogbo wa máa lọ jẹun."

Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ, Bàbá mi? Ṣé torí omi ni? Àbí ẹ ti gba owó ẹni, inú yín tún wá fẹ́ ilẹ̀ ẹni? Bó bá jẹ́ torí omi, kí ló dé tí ẹ kò pe iléeṣẹ́ padà kí ẹ ní àṣìṣe ni? Kí ló dé tí ẹ kò pè mí? Mo lè kọ lẹ́tà. Iṣẹ́ mi ni. Ṣé ẹ rò pé màá kọ̀ ni? Mo wo gbogbo rẹ̀ lálẹ́ yìí, mo gbé e síbí, mo gbé e sọ́hùn-ún. Mo rí ẹni tó máa ń dúró létí irà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, tó ń ka àwọn lékeléke bí wọ́n ṣe ń wọlé sùn. Mo tún rí ẹni tó ní kí n tún ibi pèrègún kà. Ẹnì kan náà ni.

Ẹ jí i, Bàbá mi. N kò mọ bí màá ṣe kọ ọ́ tí ó fi máa dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí mo bá sì sọ òtítọ́ láàárọ̀ yìí, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Katakata á wọ ibi tí omi ń gbà. Wọ́n á da yanrìn sí i, wọ́n á kọ́lé sí i, wọ́n á sì gbin koríko síwájú ilé náà. Lọ́dún tó ń bọ̀, omi tí kò rí ọ̀nà lọ á wá sùn nínú yàrá yìí, lábẹ́ àwọ̀n yín. Bí mo bá fọwọ́ sí i, igbó á wà, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Èmi àti Bàbá Kékeré nìkan. Àti ọkùnrin onírun funfun yẹn, tí kò bínú nígbà tí mo pè é ní onírọ́ lójú gbogbo ènìyàn.

Nígbà tí àkùkọ kọ́kọ́ kọ ni mo rí ohun tí mo lè ṣe, mo sì ń wá àbùkù rẹ̀ láti ìgbà náà. Ilẹ̀ tí ẹ fún mi létí títì, iléeṣẹ́ ti ń bẹ̀ mí lórí rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, kí wọ́n lè fẹ ẹnu géètì wọn. Mo máa ń lé wọn ni. Láàárọ̀ yìí mo máa gbé ọmọrí yìí kalẹ̀ lójú gbogbo wọn, màá sọ ibi tí mo ti rí i, màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Màá wá ní kí wọ́n gba ilẹ̀ mi, ìpìlẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n fi ojú ọ̀nà omi sílẹ̀ fún ẹbí. Màá ní kí awọnlẹ̀ wọ inú irà fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kó ri òpó kọnkéré síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé a kò gbọdọ̀ ta igbó náà, àwa náà kò gbọdọ̀ tà á. Bàbá Kékeré ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ gbólóhùn yẹn.

Wọ́n lè kọ̀. Ẹbí lè ní mo bà yín lórúkọ jẹ́. N kò tíì sọ fún ọkọ mi, n kò sì mọ ohun tí màá sọ fún àwọn ọmọ tó ti pín yàrá. Mo tún ń bi ara mi bóyá ìgbéraga ló ń ṣe mí, bóyá torí kí wọ́n lè máa pè mí ní olóòótọ́ lọ ni. Ẹ̀yin lẹ fún mi ní ilẹ̀ náà, nítorí náà ọwọ́ yín náà ni mo ti ń tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ bá bínú, ẹ jẹ́ kí n lá àlá yín nígbà tí mo bá tó rí oorun sùn.

Mo ti fi ọṣẹ fọ ọmọrí náà. Abọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ìṣó ni ẹ kó sínú rẹ̀. Mo da ìṣó náà sílẹ̀, mo fi ọmọrí dé e. Ó ṣì dé e pa.

Ẹ wí fún Màámi pé mo kí wọn. Bí ẹ bá ti ń sọ ọ́, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Èmi ni ọmọ yín tó ru ìkarahun, tí inú rẹ̀ bàjẹ́ sí yín, tí kò sì lè ṣe kó má fẹ́ràn yín.

Àwọn ọ̀bọ ti ń pariwo nínú igbó. Mo ti lè rí lẹ́tà tí mò ń kọ láìsí iná. Mo pa àtùpà.